Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Kíndìnrín Nígbà Tí A Bá Ní Ẹ̀jẹ̀ Ríru: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ará Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Ní Ìlọrin àti ní àwọn ìlú gúúsù Kwara, láti Ọ̀ffà títí dé Òmù-Àrán, kò ṣòro mọ́ láti rí ẹni tó mọ iye tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jẹ́. Àwọn tó ń ta oògùn ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, àwọn nọ́ọ̀sì máa ń gbé e wá sí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà ní ìdálẹ̀ sì ti ra ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí àwọn òbí wọn. Ẹni tó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọjọ́ pípẹ́, tó sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n ti yẹ ìtọ̀ òun wò nítorí kíndìnrín. Iye tí ẹ̀rọ bá gbé jáde ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń fi agbára ti ògiri iṣan tó ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n kì í sọ ohun tí agbára náà ti bàjẹ́ nínú kíndìnrín. Ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ tí a bá gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò ló lè sọ èyí, àwọn méjèèjì sì ni ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ máa bèèrè fún lọ́dọọdún, ì báà jẹ́ pé dókítà rántí tàbí kò rántí.

Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe sí kíndìnrín

Kíndìnrín méjì ló wà lẹ́yìn ikùn, ọ̀kan ní apá ọ̀tún ọ̀pá ẹ̀yìn, èkejì ní apá òsì, lábẹ́ egungun ìhà. Wọn kò tóbi ju ìkúùkù lọ, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ló ń gba inú wọn kọjá. Asẹ́ tíntìntín tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Iṣẹ́ wọn jọ ti asẹ́ ògì, àfi pé ní ti kíndìnrín, ohun tó bá kọjá nísàlẹ̀ ni a ń dà nù, ohun tó bá dúró lókè ni ara ń fẹ́. Láàárín ọjọ́ kan, omi tí àwọn asẹ́ yìí ń sẹ́ tó nǹkan bí 180 lítà. Wọ́n á dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀, nǹkan bíi lítà kan sí méjì péré ni yóò sì jáde gẹ́gẹ́ bí ìtọ̀.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru fún ọdún púpọ̀ láìsí ìtọ́jú, ògiri àwọn iṣan kéékèèké tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ inú asẹ́ wọ̀nyí á nípọn, á le, ihò wọn á sì fún. Asẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, á sì di àpá. Àwọn tó kù á wá máa ṣe iṣẹ́ tiwọn mọ́ ti àwọn tó ti kú, ìnira yìí á sì mú kí àwọn náà máa jò, tí èròjà purotéènì tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á fi máa bá ìtọ̀ jáde. Asẹ́ tó bá ti di àpá kì í padà bọ̀ sípò, nítorí náà ohun tí ìtọ́jú lè ṣe ni láti pa àwọn tó ṣẹ́ kù mọ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Kíndìnrín fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń darí ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí pé òun ló ń pinnu iye iyọ̀ àti omi tí yóò dúró sínú ara, òun náà ló sì ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní renin jáde, èyí tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀. Bí kíndìnrín bá ti ń bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ á túbọ̀ máa ru, ẹ̀jẹ̀ tó ń ru sí i náà á sì túbọ̀ máa ba kíndìnrín jẹ́. Ìdí nìyí tí oògùn kan ṣoṣo fi lè tó ẹnì kan ní ìbẹ̀rẹ̀, tí yóò sì di mẹ́ta lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Nígbà míràn ẹ̀wẹ̀, kíndìnrín tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, pàápàá bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò bá tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn gba oògùn lọ sílé láìjẹ́ pé wọ́n yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò.

Gbogbo èyí lè máa ṣẹlẹ̀ láìsí ìrora rárá. Ẹ̀yìn dídùn tí ọ̀pọ̀ ń kà sí àìsàn kíndìnrín sábà máa ń jẹ́ ti egungun tàbí ti iṣan ara. Àwọn àmì tó jẹ́ ti kíndìnrín gan-an máa ń pẹ́ kí wọ́n tó yọjú: ìtọ̀ tó ń hó, tí ìhó náà kì í tètè lọ, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, dídìde léraléra lóru láti tọ̀, ojú tó ń wú láàárọ̀, ẹsẹ̀ tó ń wú nírọ̀lẹ́, àárẹ̀, ara yíyún àti èébì nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ jìnnà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ara rẹ̀ lẹ́bi ikú nítorí pé ìtọ̀ rẹ̀ hó lẹ́ẹ̀kan, torí ìtọ̀ tó bá jáde pẹ̀lú agbára máa ń hó. Bákan náà, oògùn amlodipine tí ọ̀pọ̀ ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mú kí ẹsẹ̀ àwọn kan wú láìjẹ́ pé kíndìnrín wọn ní ohunkóhun. Àyẹ̀wò ló lè fi ọ̀kan hàn yàtọ̀ sí èkejì.

Ewu náà pọ̀ sí i fún ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru, fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nígbà oyún tí purotéènì sì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, àti fún ẹni tí òbí tàbí àbúrò rẹ̀ ti ní àìsàn kíndìnrín rí. Àwa Yorùbá tún ní tiwa lọ́tọ̀. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde pé oríṣi jíìnì APOL1 kan, tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó sì wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn Yorùbá, lè mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́ fún ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá papọ̀. Jíìnì yìí kan náà ló ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ kòkòrò tó ń fa àìsàn oorun, ìdí sì nìyẹn tí ó fi pọ̀ láàárín wa. Ọ̀pọ̀ tó ní in kì í ní àìsàn kíndìnrín títí ayé wọn, ṣùgbọ́n ní ìdílé tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta bá ti kú ikú “ara wíwú”, mi ò rò pé ó yẹ kí a kọ́kọ́ máa wá ọ̀tá ilé kiri kí a tó gbé àwọn ọmọ lọ fún àyẹ̀wò.

Wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́nà tó tọ́

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi kò dára. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà á jókòó, wọ́n á we aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá lórí agbádá, òun náà á sì máa dúnàádúrà oògùn lọ. Iye tó bá jáde kò ṣeé gbára lé.

Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tọ̀, torí pé àpò ìtọ̀ tó kún máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ẹ má ṣe jẹ obì tàbí gbànja, ẹ má ṣe mu kọfí, ẹ má sì ṣe mu sìgá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì. Ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ gbé apá lé tábìlì tó jẹ́ pé aṣọ ẹ̀rọ náà yóò wà ní ìbámu pẹ̀lú ọkàn, ẹ má sì sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì wà láàárín wọn, kí ẹ sì kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá lókè ìgbọ̀nwọ́ dára ju èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ lọ. Ẹni tí apá rẹ̀ bá tóbi nílò aṣọ ẹ̀rọ tó gùn, nítorí èyí tó bá kéré máa ń pe iye náà jù bó ṣe yẹ lọ.

Ní ilé ìwòsàn, 140 lórí 90 ni ọ̀pọ̀ dókítà ń kà sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí a bá wọ̀n ọ́n nílé, 135 lórí 85 ni ó bá ìyẹn mu. Fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti fara gba nǹkan, tàbí tó ní àtọ̀gbẹ, ọ̀pọ̀ dókítà ń fẹ́ kí ó wà lábẹ́ 130 lórí 80, àwọn mìíràn sì ń fẹ́ kí iye ti òkè lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ bí ara onítọ̀hún bá gbà á. Ẹ bi dókítà yín ní iye tí ó ń lé fún yín gan-an, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé tí ẹ ń kọ iye sí. Ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ kò lè mọ̀ bóyá oògùn òun ń ṣiṣẹ́.

Àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ti ẹ̀jẹ̀

Àyẹ̀wò méjì ló ṣe pàtàkì, kò sì sí èyí tó lè gba ipò èkejì nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni ti ìtọ̀, láti mọ̀ bóyá asẹ́ kíndìnrín ti ń jo. Èyí tó rọrùn jù ni ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tì bọ inú ìtọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ á yí padà bí purotéènì bá wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kékeré ní in, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Èyí tó dára jù ú lọ ni èyí tí wọ́n ń fi wọn albumin, tó jẹ́ oríṣi purotéènì kan, tí wọ́n á sì fi wé creatinine, ìdọ̀tí kan tó ń ti ara jáde, nínú ìtọ̀ kan náà. Orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ni ACR. Bí iye rẹ̀ bá wà lábẹ́ 30, tí wọ́n fi miligíráàmù lórí gíráàmù ka á, ọ̀rọ̀ náà ṣì dára. Bí ó bá wà láàárín 30 sí 300, jíjò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ju 300 lọ, jíjò náà ti pọ̀. Òwúrọ̀ ló dára jù láti gba ìtọ̀ náà. Kí obìnrin má ṣe é nígbà nǹkan oṣù rẹ̀, kí ẹni tí ibà ń ṣe sì dúró kí ara rẹ̀ yá ná.

Èkejì ni ti ẹ̀jẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wọn creatinine. Ìdọ̀tí tí iṣan ara ń mú jáde ni creatinine, kíndìnrín ló sì ń kó o dànù. Bí kíndìnrín bá ń rẹ̀yìn, yóò máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi creatinine nìkan tẹ́ yín lọ́rùn, torí pé ti arúgbó tó rù lè dà bí ẹni pé ó dára nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀yìn jìnnà, ti ọ̀dọ́ alágbára tó ń kọ́lé sì lè ga díẹ̀ láìsí àìsàn kankan. Nítorí èyí ni wọ́n fi máa ń ṣírò iye kejì láti inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní eGFR, tí ó ka ọjọ́ orí àti jíjẹ́ akọ tàbí abo mọ́ ọn. Iye tó bá tó 90 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ dára bí ìtọ̀ bá mọ́. Bí ó bá wà lábẹ́ 60 fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìsàn kíndìnrín ni. Bí ó bá wà lábẹ́ 15, kíndìnrín ti ń dákẹ́ iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ kíyè sí oṣù mẹ́ta tí mo mẹ́nu bà yẹn: èsì ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹran sísè púpọ̀ pàápàá máa ń gbé creatinine sókè fún wákàtí mélòó kan, nítorí náà ọjọ́ kejì Iléyá kọ́ ni ó yẹ kí a lọ ṣe àyẹ̀wò yìí.

Ẹ máa tọ́jú ìwé èsì yín sínú fáìlì kan náà, kí ẹ sì máa gbé e dání lọ sọ́dọ̀ dókítà yòówù. Ìwé mẹ́rin tó fi hàn pé eGFR ń ti 85 bọ̀ sí 78, sí 70, sí 63 ń sọ ohun tí ìwé kan ṣoṣo kò lè sọ, kódà nígbà tí gbogbo wọn ṣì wà lókè 60.

Lílo oògùn

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe oògùn ibà tí a ń lò tí a sì ń jáwọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé ẹ̀jẹ̀ wọn “ti lọ sílẹ̀”, pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá oògùn dúró. Oògùn náà gan-an ló mú un lọ sílẹ̀. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé oògùn náà ni yóò ba kíndìnrín àwọn jẹ́ nítorí pé àwọn ń lò ó lójoojúmọ́. Òdì kejì rẹ̀ ni òótọ́.

Oríṣi oògùn kan wà tó ń ṣe ju kí ó mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ lọ. Àwọn ni lisinopril, ramipril àti àwọn tó jọ wọ́n, pẹ̀lú losartan, telmisartan àti ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ń dín agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti inú asẹ́ kíndìnrín kù, wọ́n sì ń dín purotéènì tó ń jò sínú ìtọ̀ kù. Ní ti mímú ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn aláwọ̀ dúdú wálẹ̀, amlodipine àti oògùn amúnitọ̀ sábà máa ń ṣiṣẹ́ ju lisinopril nìkan lọ, nítorí náà ni dókítà púpọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n bí purotéènì bá ti wà nínú ìtọ̀, ẹ bi dókítà yín bóyá ó yẹ kí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ lisinopril tàbí losartan wà lára oògùn yín. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àfojúdi. Ẹni tí wọn kò yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò kò lè mọ̀ pé ó yẹ kí òun bèèrè.

Oògùn ẹgbẹ́ lisinopril àti losartan yìí ní òfin tiwọn. Wọn kò dára fún aboyún rárá, nítorí wọ́n lè ṣe ọmọ inú rẹ̀ ní jàǹbá, nítorí náà obìnrin tó bá ń gbèrò láti lóyún gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí a bá bẹ̀rẹ̀ wọn, ó yẹ kí a tún wọn creatinine àti potassium inú ẹ̀jẹ̀. Creatinine lè gòkè díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀; bí kò bá ti ju ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lọ, dókítà kì í sábà dá oògùn dúró nítorí rẹ̀. Lisinopril lè fa ikọ́ gbígbẹ, wọ́n sì lè pààrọ̀ rẹ̀ sí losartan. Bí ètè, ahọ́n tàbí ọ̀fun bá wú lójijì, ẹ má ṣe lo ẹyọ kan sí i, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá sì mú yín gidigidi, ẹ tètè kàn sí dókítà, nítorí pé ara tí omi ti tán nínú rẹ̀ lè nílò kí wọ́n dá àwọn oògùn yìí àti oògùn amúnitọ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tí a ń lò fún ara ríro tó ń pa kíndìnrín

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti kíyè sí mi jù lọ. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, bíríkìlà àti ìyá alájàpá ní agbègbè wa ni ara máa ń ro lálaalẹ́, oògùn tó sì sún mọ́ ọwọ́ wọn ni ibuprofen, diclofenac àti piroxicam. Nígbà míràn, wọ́n ti da hóró mẹ́rin tàbí márùn-ún pọ̀ sínú láílọ́ọ̀nù kékeré kan tí kò ní orúkọ lára, tí ẹni tó ń tà á á sì sọ pé “ti ara ríro nìyẹn”. Kíndìnrín máa ń tú èròjà kan jáde tó ń jẹ́ kí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ inú rẹ̀ là sílẹ̀. Àwọn oògùn yìí ń dá èròjà náà dúró, iṣan á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé á sì dín kù. Wọ́n tún ń dá iyọ̀ dúró sínú ara, ẹ̀jẹ̀ á sì tún ru sí i, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń lò wọ́n á máa ṣe kàyéfì pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Èyí tó burú jù ni kí ẹnì kan máa lo lisinopril tàbí losartan, kí ó máa lo oògùn amúnitọ̀ mọ́ ọn, kí ó sì tún fi ibuprofen lé e. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fọwọ́ kan bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wọ kíndìnrín ní ọ̀nà tirẹ̀, nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì pàdé, pàápàá nínú oòrùn tó mú omi gbẹ lára, kíndìnrín lè dákẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Paracetamol ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, kí ó má sì ju hóró 8 ti 500 miligíráàmù lọ láàárín wákàtí 24 fún àgbàlagbà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dára. Òróró ìpara, omi gbígbóná àti ìsinmi kì í ṣe ohun tí a ń fojú tín-ín-rín bí ara bá ń ro.

Ní ti àgbo, n kò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ ló burú, nítorí n kò mọ gbogbo rẹ̀, ẹni tó sì ń sè é kò lè sọ iye èròjà tó wà nínú ife kan. Ohun tó dájú ni pé kíndìnrín ni púpọ̀ nínú ohun tí a bá mu ń gbà jáde, àwọn ewé àti gbòǹgbò kan sì wà tí ìwádìí ti fi hàn pé wọ́n ń ba kíndìnrín jẹ́. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí a fi ọtí rẹ àti páràgà tún ń fi ọtí kún ewu náà. Ẹni tí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé kíndìnrín rẹ̀ ń rẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú wọn pátápátá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpara àti ọṣẹ tí ń bó àwọ̀: àwọn kan nínú wọn ní mercury, awọ ara ń fà á mu, ó sì lè mú kí kíndìnrín máa da purotéènì sínú ìtọ̀.

Iyọ̀ inú ìkòkò

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó 5 gíráàmù, ìyẹn kò tó ṣíbí tíì kan tí a ré orí rẹ̀. Iyọ̀ tí ọwọ́ wa ń bù sínú ọbẹ̀ nìkan kọ́ nìyẹn. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú mágí, ó wà nínú índómì, nínú búrẹ́dì, nínú ẹja gbígbẹ oníyọ̀, nínú ata tí wọ́n fi ń yí súyà, àti nínú wàrà díndín tí wọ́n ti fi iyọ̀ sí kí wọ́n tó dín in. Kán-ún tí a fi ń se ẹ̀wà, gbẹ̀gìrì, ewédú àti lùúrú náà ní sodium, èyí tó jẹ́ ohun kan náà tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè nínú iyọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tó sọ pé àwọn kò jẹ iyọ̀ mọ́ ṣì ń fi kán-ún sínú ìkòkò lójoojúmọ́.

Ọ̀nà tí mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe nínú ilé tí ẹni púpọ̀ ti ń jẹun láti inú ìkòkò kan ni kí a wọn iyọ̀ ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀. Ilé àgbàlagbà márùn-ún ní ṣíbí tíì 35 lọ́sẹ̀ bí a bá ka gbogbo iyọ̀ mọ́ra. Ẹ wọn 20 péré sínú ike kékeré kan ní ọjọ́ Jímọ̀, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ fún mágí, búrẹ́dì àti ẹja. Bí ike náà bá ti tán ní ọjọ́ Túsìdeè, ẹni tó ń dáná á ti mọ̀ pé ọwọ́ òun wúwo. Irú, àlùbọ́sà, ata ilẹ̀ àti ẹfinrin á ran ọbẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ahọ́n bá ń kọ́ ìwà tuntun, èyí tó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan; kí irú náà má ṣe jẹ́ èyí tí wọ́n ti da iyọ̀ sí.

Ẹ ṣọ́ra fún “iyọ̀ aláìléwu” tí wọ́n fi potassium ṣe. Ó lè dára fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ yè kooro, ṣùgbọ́n fún ẹni tí tirẹ̀ ti rẹ̀yìn, tàbí tó ń lo lisinopril tàbí losartan, potassium lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ kí ó sì dá ọkàn dúró. Omi mímu púpọ̀ kì í “fọ” kíndìnrín bí àwọn kan ṣe ń sọ. Ẹ mu tó bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín, kí àgbẹ̀ tó wà nínú oòrùn sì mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sìgá ni kí a pa tì, kí a sì máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀.

Ààwẹ̀ Rámádáánì

Ní ìlú bíi Ìlọrin, a kò lè parí ọ̀rọ̀ yìí láìdárúkọ ààwẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà ní ìkáwọ́, tí ìtọ̀ rẹ̀ mọ́, sábà máa ń lè gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó lọ rí dókítà ní oṣù Ṣábánì, kí Rámádáánì tó wọlé, nítorí oògùn tí à ń lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lè di ẹ̀ẹ̀kan, oògùn amúnitọ̀ sì lè kúrò ní sààrì lọ sí ìṣínu kí ó má bàa gbẹ omi ara lọ́sàn-án. Ẹni tí eGFR rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jìnnà, tàbí tó ń lo ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, wà lára àwọn tí áyà 184 àti 185 nínú Súrà al-Baqarah yọ̀ǹda fún. Ààfáà tó mọ̀ ọ́n á ṣàlàyé bí wọ́n á ṣe san án padà tàbí bí wọ́n á ṣe bọ́ aláìní dípò rẹ̀. Ní ìṣínu, kí omi àti èso ṣáájú ohun díndín oníyọ̀.

Owó àti ibi tí a lè lọ

Ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ yín lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kí wọ́n sì fi ìwé pẹlẹbẹ yẹ ìtọ̀ wò. Èsì tó bá mú ìfura dání ni kí ẹ gbé lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ńlá, tàbí sí Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, níbi tí ẹ ti lè rí dókítà tó mọ̀ nípa kíndìnrín. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì oṣù Kẹta lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe Ọjọ́ Kíndìnrín Lágbàáyé, láti ọdún 2006, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn sì máa ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní àsìkò náà.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ètò ìbánigbófò ìlera Ìpínlẹ̀ Kwara bí ẹ kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 tọ àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín ọdún 2009 sí 2011 ní agbègbè Afọ̀n, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìbánigbófò tí wọ́n sì tún ilé ìwòsàn ṣe, ó sì fi wọ́n wé àwọn ará Àjàṣẹ́-Ìpo tí ètò náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Iye ti òkè fi nǹkan bí 10 wálẹ̀ ní Afọ̀n, ó fi nǹkan bí 5 wálẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìfọ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan á ti 50,000 náírà wálẹ̀ sí 12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan. Ẹ bèèrè èyí tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Síbẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dákẹ́ sábà máa ń nílò ìfọ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan.

Bí ìtọ̀ bá dín kù gidigidi tàbí tó dáwọ́ dúró, bí èémí bá ń há nígbà tí a bá dùbúlẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá hàn nínú ìtọ̀, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá kọjá 180 lórí 120 pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí líle, ojú tó ń ṣú tàbí àyà dídùn, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún yín. Ilé ìwòsàn tó ní dókítà lóru ni kí ẹ gbà lọ, kí ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé dání, títí kan èyí tó wà nínú láílọ́ọ̀nù àti àgbo tó wà nínú ìgò, kí dókítà lè mọ ohun tó ti wọ inú ara.